Kòkòrò “Champion” kì í ṣe wèrèpè

Ẹ̀yin èèyàn wa ní Iwofe, mo ti gbọ́ gbogbo ohùn tẹ́ ẹ fi sílẹ̀ lórí àwọn ọmọ tí ara wọn ń bó yìí. Ẹnì kan ní wèrèpè ni, ẹlòmíì ní ọwọ́ ayé ni. Ẹ jẹ́ ká yà á sọ́tọ̀, torí ohun tá a ń ṣe sí ọ̀kan kọ́ là ń ṣe sí ìkejì.

Wèrèpè, àwa tá a dàgbà lóko mọ̀ ọ́n. Irun wẹ́wẹ́ ara èèpo èso ẹ̀ ló ń gún èèyàn, èròjà kan tó ń jẹ́ mucunain sì wà nínú ẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ lara á ti máa yúnni. Ẹ má họ ọ́n o, irun náà á túbọ̀ wọlé ni. Ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ fà kúrò, kẹ́ ẹ tó fi ọṣẹ àtomi fọ ibẹ̀.

Champion yàtọ̀ pátápátá. Paederus làwọn onímọ̀ ń pè é. Ní Kenya, Nairobi fly ni. Ó fi díẹ̀ gùn ju hóró ìrẹsì lọ. Àyà àti ikùn ẹ̀ pọ́n bí epo, orí àti ìdí ẹ̀ dúdú. Ibi tó tutù ló fẹ́ràn, abàtà ló sì yí wa ká níbí. Tílẹ̀ bá ṣú, iná ló ń tẹ̀ lé wọlé.

Kì í jẹni, kì í tani. Ìgbà téèyàn bá gbá a pa mọ́ra ni oró inú ẹ̀, ìyẹn pederin, máa tú síni lára. Òun gan-an kọ́ ló tiẹ̀ ń ṣe oró yẹn, bakitéríà tó ń gbé inú ẹ̀ ni. Ó lè tó ọjọ́ kan tàbí méjì kí ibẹ̀ tó pupa, kó lé ròrò bí ẹni tí omi gbóná jó. Nígbà yẹn, ta ló rántí kòkòrò? Ibi tí wọ́n ti ń ka ìyá arúgbó ẹlẹ́ni mọ́lé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é.

Tẹ́ ẹ bá rí i lára, ẹ fẹ́ ẹ dànù, ẹ má gbá a. Tó bá ti tẹ̀, ọṣẹ àtomi kíá, kẹ́ ẹ fọ aṣọ tó kàn, kẹ́ ẹ má sì fọwọ́ yẹn nu ojú. Tó bá kan ojú, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà ni o. Ẹ máa pa iná ìta tẹ́ ò bá lò ó, kẹ́ ẹ ta nẹ́ẹ̀tì fáwọn ọmọ.