Wúrà Jẹ́ ti Ìjọba, Kòkó Jẹ́ ti Wa

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Singer àti gbogbo Sábó, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ilé ni mo fẹ́ bá yín sọ, pàápàá ẹ̀yin tí bàbá yín ṣe òṣómàáló wá sí Òkè Ọya. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń wa wúrà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ṣùgbọ́n ní 2021 ni iléeṣẹ́ ńlá kọ́kọ́ yọ́ wúrà ní Sẹ̀gilọlá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Odò-Ìjẹ̀ṣà. Ilẹ̀ kòkó sì ni agbègbè náà.

Olóko kò ni wúrà tó wà lábẹ́ oko rẹ̀. Òfin Ìwakùsà ti 2007 sọ pé Ìjọba Àpapọ̀ ló ni ín. Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 sì fún gómìnà lágbára láti gba ilẹ̀ nítorí ìwakùsà. Lójú tèmi, ó le ju bó ṣe yẹ lọ, ṣùgbọ́n òfin ni. Orí ilẹ̀ ni Òfin 2007 fi sílẹ̀ fún wa. Ẹni tó gba ìwé àṣẹ ìwakùsà gbọ́dọ̀ san owó gbà-máà-bínú lórí irè oko, igi eléso, ilé àti ilẹ̀ tó bá bà jẹ́. Kì í ṣe onílẹ̀ nìkan ló tọ́ sí. Ẹni tó ń dáko níbẹ̀ lọ́nà ẹ̀tọ́, tó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ní ti irè tirẹ̀. Àwa tí à ń gbé ìlú onílùú kò gbọdọ̀ fi èyí ṣeré.

Níbí ni ọ̀rọ̀ ti kan ará Kánò. Ta ni yóò san owó igi tí ẹnikẹ́ni kò kà? Bí katapílà bá ti wú kòkó tán, iye tí wọ́n bá pè ni ẹ ó gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá lọ sílé fún ọdún, ẹ ka igi, ẹ ya fọ́tò, ẹ pe àwọn tí ẹ jọ pààlà dé ìdí pèrègún, kí wọ́n sì ya pílánì ilẹ̀. Ẹ kọ orúkọ gbogbo ẹni tó ní ìpín (ẹ má yọ ọmọbìnrin sílẹ̀), kí ẹnì kan ṣoṣo má baà lọ fọwọ́ sí ìwé lórúkọ ẹbí.

Òfin náà tún ní kí iléeṣẹ́ bá ìlú ṣe àdéhùn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀: iṣẹ́ fún ọmọ ìlú, ẹ̀kọ́, ìlera, omi, ọ̀nà, àti bí wọn yóò ṣe tọ́jú àyíká. Ẹ má fojú kékeré wo èyí tó kẹ́yìn. Ní Zamfara, tí kò jìnnà sí wa níbí, eruku òjé pa ju 400 ọmọdé lọ ní 2010. Kì í ṣe iléeṣẹ́ ńlá kankan ló fà á; àwọn ará abúlé ló ń lọ òkúta wúrà nínú agboolé.

Ọdún 5-5 ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa tún àdéhùn ìlú gbé yẹ̀wò. Ẹ béèrè ẹ̀dà rẹ̀ lọ́wọ́ báálẹ̀ yín, kí ẹ sì wo ọdún tí àyẹ̀wò kàn.