Ṣé O Mọ̀? Ta Ni Yóò Ka Òdo Yìí?

Ṣé o mọ̀ pé malloc inú èdè C kì í nu àyè mẹ́mọ́rì kó tó gbé e fún ọ? Ohun tí ètò rẹ ti kọ síbẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè ṣì wà níbẹ̀. calloc ló ń fi òdo pa á rẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé iṣẹ́ àṣedànù ni òdo yẹn nígbà mìíràn? Wo ètò tó fẹ́ ka fáìlì: ó gba àyè báìtì 4,096, ó kọ òdo sí i látòkèdélẹ̀, fáìlì sì dé, ó bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ka òdo kankan. Àmọ́ bí o bá yọ òdo náà, tí báìtì 3,000 péré sì dé, ohun àtijọ́ ni 1,096 tó kù. Má kà kọjá ibi tí tuntun parí sí.

Ṣé o mọ̀ pé calloc náà gbọ́n? Lórí Linux, ọwọ́ kernel (ọkàn Linux) ló ti ń gba àyè ńlá. Kernel ti nù ún tẹ́lẹ̀, kí ètò kan má baà ka àṣírí òmíràn, nítorí náà calloc kì í tún un nù.

Ṣé o mọ̀ pé láti 2019 ni èdè Rust ti ní MaybeUninit fún àyè tí a kò tíì kọ nǹkan sí? Kí o tó kà á, ìwọ fúnra rẹ lo máa jẹ́rìí nínú kóòdù pé o ti kọ ọ́ kún.

Ṣé o mọ̀ pé kọ̀ǹpáílà pàápàá ń yọ irú iṣẹ́ àṣedànù bẹ́ẹ̀? Bí o bá fi memset pa pásíwọ́ọ̀dù rẹ́, ó lè rí i pé kò sí ìlà tó tún kà á mọ́, kó sì yọ memset náà. Pásíwọ́ọ̀dù á wá jókòó síbẹ̀ de olè. Ìdí nìyẹn tí C23, òṣùwọ̀n èdè C, fi mú memset_explicit wá.

Ṣé o mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Debian, ẹ̀yà Linux kan? Ní 2006, Valgrind, irinṣẹ́ tó ń ṣọ́ mẹ́mọ́rì, ń pariwo pé OpenSSL, tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò, ń lo mẹ́mọ́rì tí a kò kọ nǹkan sí. Àwọn olùtọ́jú Debian yọ ìlà tó ń fa ariwo. Àṣé ìlà yẹn kan náà ló ń po ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè méfò mọ́ kọ́kọ́rọ́ ìdáàbòbò. Títí àṣírí fi tú ní oṣù karùn-ún 2008, nọ́ńbà tí Linux fún ètò náà, tí kì í sábà kọjá 32,768 nígbà náà, ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun kan ṣoṣo tó ń mú kọ́kọ́rọ́ yàtọ̀ síra. Olè lè gbìyànjú gbogbo wọn tán.

Nítorí náà, kí o tó yọ ìlà tó ń nu mẹ́mọ́rì, wá ẹni tó máa ka ohun tó kọ: ìlà tó tẹ̀ lé e ni o, ètò mìíràn ni o, olè ni o. Bí kò bá sí, yọ ọ́ láìfòyà. Bí ó bá ku ẹyọ kan péré, jẹ́ kó wà.