Ẹ Mú Àwọn Ọmọ Yín Jáde fún Ọjọ́ Kan

Ẹ̀yin ìyá wa, ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ tún ti dé. Ilé-ẹ̀kọ́ ti pa, àwọn ọmọ sì ti kún inú ilé. Ariwo wọn kò jẹ́ kí ìyá gbádùn, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ kì í pẹ́ nínú ìkòkò mọ́.

Ní ọdún kan, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ wọlé padà, olùkọ́ ní kí ọmọbìnrin mi kọ àròkọ nípa bí ó ti lo ìsinmi rẹ̀. Mo ṣí ìwé náà wò. Ó kọ ọ́ pé òun pọn omi, òun tọ́jú àbúrò òun, òun bá ìyá òun lọ sí ìsọ̀, òun sì wo tẹlifísọ̀n. Àròkọ náà kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Ọmọ kò purọ́ mọ́ mi, ṣùgbọ́n ojú tì mí. Iṣẹ́ ilé kì í ṣe ohun búburú fún ọmọ. Ohun tí ó dùn mí ni pé, nínú gbogbo ìsinmi náà, n kò fún un ní ọjọ́ kan ṣoṣo tí yóò máa rántí. Àwọn àgbà sì ti sọ pé ọmọ tí kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn rí, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun.

Ẹ má ṣe rò pé àwọn olówó nìkan ni ó lè ṣe fàájì. Bí ẹ bá ń gbé ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì tàbí agbègbè Àkúrẹ́, ibi mẹ́ta wà tí ẹ lè lọ ní òwúrọ̀ kí ẹ sì padà kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà

Ibẹ̀ kò jìnnà sí ọ̀nà tí ó ti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Omi ń já láti orí òkè, ó ń gba abala méje sọ̀ kalẹ̀ lórí àpáta. Ìtàn ìlú náà sọ pé obìnrin kan tí ń jẹ́ Akinla, ọmọ-ọmọ Odùduwà, ni ó kọ́kọ́ rí i. Abala kìíní ti tó fún àwọn ọmọdé. Kò di dandan kí ẹ gun òkè jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Oòrùn ń ràn lórí wa, àwọn ọmọ sì ń ṣeré létí omi. Lójijì, omi tí ó mọ́ tẹ́lẹ̀ rú, ewé àti ẹ̀ka igi sì ń bá a bọ̀. Òjò ti rọ̀ lórí òkè tí àwa kò rí. Kí n tó pariwo, omi ti dé orúnkún ọmọ mi kékeré, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ti yọ̀. Aṣọ rẹ̀ ni mo rí gbá mú. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run!

Nítorí náà, bí omi bá yí àwọ̀ padà, tàbí tí híhó rẹ̀ bá pọ̀ sí i, ẹ kó àwọn ọmọ kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ẹ má ṣe lọ ní ọjọ́ tí òjò ńlá bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Kí àgbàlagbà kan má ṣe iṣẹ́ mìíràn ju pé kó máa wo àwọn ọmọ lọ. Ẹ má sì gbẹ́kẹ̀ lé pé ọmọ yín mọ̀ ọ́n wẹ̀: òmùwẹ̀ ní í bá odò lọ.

Ìkọ́gòsì

Bí ìyá ọkọ tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà pẹ̀lú yín, Ìkọ́gòsì ní ìwọ̀-oòrùn Èkìtì ni kí ẹ yàn. Ìsun omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ àti ìsun omi tútù pàdé níbẹ̀. Ẹ lè ki ẹsẹ̀ kan bọ ọ̀kan, kí ẹ ki èkejì bọ ìkejì. Ìtàn sọ pé ìyàwó méjì ọkùnrin kan ni wọ́n, ọ̀kan gbóná lára, ìkejì sì tutù ní ìwà. Àwọn onímọ̀ sì ṣàlàyé pé omi òjò ní í wọ inú ilẹ̀ lọ jìnnà, tí ooru abẹ́ àpáta ń mú un móoru, kí ó tó gba ibi tí àpáta ti sán jáde. Ẹ sọ méjèèjì fún àwọn ọmọ.

Òkè Ìdànrè

Èyí wà fún àwọn ọmọ tí wọ́n ti dàgbà díẹ̀. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ju 600 lọ. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ kí oòrùn tó mú, kí ẹ sì máa sinmi lójú ọ̀nà. Aláboyún àti ẹni tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ fi agbára gùn ún. Orí òkè yìí ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní 1923. Ààfin àtijọ́ àti ilé ẹjọ́ àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ bi àwọn ọmọ léèrè ìdí tí ènìyàn fi lè kọ́lé sí irú ibi gíga bẹ́ẹ̀. Ẹ ó gbọ́ ohun tí wọn yóò sọ nípa ogun àti ààbò.

Ìmúrasílẹ̀

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ju owó sínú kóló ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú. Bí ìyá mẹ́ta tàbí mẹ́rin bá pawọ́ pọ̀ háyà bọ́ọ̀sì, ẹrù náà yóò fúyẹ́. Ẹ bi àwọn ará ibẹ̀ bí ọ̀nà ti rí kí ẹ tó gbéra. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ se mọ́ínmọ́ín, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán ní ọ̀sán, nítorí ooru a máa mú un kan. Ẹ di ẹ̀kọ, ẹyin sísè àti ọsàn mọ́ ọn. Ẹ gbé omi mímu láti ilé. Ẹ má mu omi odò. Ẹ mú aṣọ ìpààrọ̀ dání, kí ẹ sì kó gbogbo ìdọ̀tí yín padà sílé.

Ẹ̀yin náà, ẹ má ṣe fi gbogbo ọjọ́ náà bu oúnjẹ fún ènìyàn. Ẹ jókòó, kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí yín.

Lẹ́yìn ìsinmi tí a lọ sí Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, mo tún ṣí ìwé àròkọ ọmọ mi wò. Ó kún ojú ewé méjì. Ó kọ nípa omi tí ó rú, ó sì kọ nípa bí ìyá òun ti sáré. Ọlọ́run yóò mú wa lọ, yóò sì mú wa bọ̀.