Ọdún Tó Wà Nínú Àkámọ́: Bí Ìlànà Ìtọ́kasí Ṣe Dé Ọ̀dọ̀ Àwọn Onímọ̀ Àwùjọ

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ ìmọ̀ àwùjọ tó fẹ́ kọ iṣẹ́ àṣekágbá tí kì í bi ara rẹ̀ pé: ṣé ìlànà ìtọ́kasí ti APA ni kí n lò ni, àbí ti Harvard, àbí ti Chicago? Ohun tí ọ̀gá bá ti là kalẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ lé, wọn kì í wádìí ìdí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ìdí wà tí ìlànà kọ̀ọ̀kan fi rí bó ṣe rí.

Ọ̀dọ̀ onímọ̀ nípa ẹranko ni ìlànà orúkọ-àti-ọdún ti ṣẹ̀. Ní 1881, Edward Laurens Mark, tó ń ṣiṣẹ́ ní Harvard, tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹyin irú ìgbín kan tí kò ní ìkarahun. Níbẹ̀ ló ti fi orúkọ òǹkọ̀wé àti ọdún ìwé rẹ̀ sínú àkámọ́, láàrin gbólóhùn gan-an. Ó ṣàjèjì nígbà náà débi pé Mark ní láti ṣàlàyé rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Orúkọ Harvard ló wá mọ́ ìlànà náà lára.

Ní ti APA, ìpàdé àwọn olóòtú jọ́nà ìmọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá àti ti ìmọ̀ ẹ̀dá ènìyàn ló bí i. Ní 1929, ojú ewé méje péré ni ìtọ́sọ́nà tí wọ́n tẹ̀ sínú Psychological Bulletin. Ẹ̀dà keje tó jáde ní 2019 ti lé ní 400 ojú ewé. Ti Chicago ti wà ní tirẹ̀ láti 1906, ọ̀nà méjì ló sì ń gbà lónìí: àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé, tàbí orúkọ àti ọdún.

Ọdún ṣe pàtàkì fún onímọ̀ àwùjọ nítorí pé àwùjọ kì í dúró sójú kan. Ohun tí wọ́n kọ nípa owó orí ìyàwó ní 1960 lè má bá tòní mu. Òpìtàn ní tirẹ̀ ń lo lẹ́tà àti fáìlì ìjọba àtijọ́, tí àdírẹ́sì wọn gùn ju ohun tí àkámọ́ lè gbà lọ. Ìsàlẹ̀ ojú ìwé ló gbà á.

Síbẹ̀, ọdún inú àkámọ́ lè ṣini lọ́nà. Ní 1939 ni N. A. Fadipe parí iṣẹ́ oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀ lórí àwùjọ Yorùbá ní London. Ó kú ní 1944. Ọdún 1970 ni wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ ní Ìbàdàn, tó di The Sociology of the Yoruba. Ẹni tó bá rí “(Fadipe, 1970)” yóò rò pé Nàìjíríà tó ti gbòmìnira ló ń ṣàpèjúwe, bẹ́ẹ̀ abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì la wà nígbà tó kọ ọ́. Bákan náà ni Samuel Johnson: ó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, ó kú ní 1901, ìwé náà sì jáde ní 1921.

Ìmọ̀ràn mi nìyí. Bí jọ́nà tàbí ẹ̀ka yín bá ti yan ìlànà, ẹ tẹ̀ lé e délẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa yàn, ẹ wo ohun tí ẹ fẹ́ tọ́ka sí: bí ìwé àti jọ́nà bá pọ̀ jù níbẹ̀, ẹ mú orúkọ-àti-ọdún, bó bá jẹ́ fáìlì àtijọ́, ẹ mú àlàyé ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Èyí tó wù kẹ́ ẹ mú, níbi tí ọdún tí wọ́n kọ ìwé bá ti yàtọ̀ sí ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ẹ sọ ọ́ fún òǹkàwé nínú iṣẹ́ yín. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni, ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ ìwé náà sì ni pẹ̀lú.