Àga Onídán Ló Bí Sẹ́ńsọ̀ Abẹ́ Àga Ọkọ̀

Inú eré ìdán ni ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ abẹ́ àga ọkọ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ní ọdún 1994, àwọn onídán méjì tí òkìkí wọn kàn ní Amẹ́ríkà, Penn àti Teller, fẹ́ ṣeré ní ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Massachusetts. Àwọn olùwádìí ibẹ̀, tí Joe Paradiso àti Neil Gershenfeld wà lára wọn, ṣe àga kan fún wọn. Ẹni tó bá jókòó sórí rẹ̀ kàn ń ju ọwọ́ sókè sódò ni, orin á sì máa jáde bí ẹni pé àǹjọ̀nú ló ń lu ìlù. Kò sí àǹjọ̀nú kankan níbẹ̀. Irin pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ ìdí ẹni tó jókòó ló ń fi iná mànàmáná tí kò tó nǹkan ránṣẹ́ sí ara rẹ̀, àwọn òpó iwájú rẹ̀ sì ń mọ ibi tí ọwọ́ rẹ̀ wà.

Ọ̀gá kan láti NEC, ilé iṣẹ́ Japan tó ń ṣe ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́, rí àga náà. Ìbéèrè tó bi wọ́n kò jọ mọ́ eré rárá: ṣé àga yìí lè mọ̀ bóyá ọmọ ọwọ́ tí wọ́n gbé lé e kọjú síwájú ni àbí ẹ̀yìn ló kọ síwájú?

Kò ṣàdédé béèrè. Òfin Amẹ́ríkà ti ọdún 1991 ti pàṣẹ pé kí éàbáàgì (àpò afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀) wà níwájú awakọ̀ àti níwájú ẹni tó jókòó tì í nínú gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tuntun kí ọdún 1998 tó dé. Ọkùnrin àgbàlagbà tí kò de bẹ́líìtì ni wọ́n fi díwọ̀n agbára éàbáàgì náà, ipá tó sì fi ń tú jáde kì í ṣe ohun tí orí àti ọrùn ọmọdé lè gbà. Ní Baltimore, tí kò jìnnà sí Landover ní Maryland, ọmọbìnrin ọmọ ọdún 7 kan ti ọwọ́ éàbáàgì kú ní October 1995, nínú ìkọlù kékeré tí bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ wà nídìí ọkọ̀. Agbẹjọ́rò ni bàbá náà. Ó kó àwọn òbí mìíràn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí jọ, wọn kò sì jẹ́ kí àwọn aṣòfin àti àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ gbádùn. NHTSA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ààbò ọkọ̀, ṣírò pé láti 1990 sí 2008, ó lé ní 290 èèyàn tí éàbáàgì iwájú pa nínú ìkọlù tí eré ọkọ̀ kò pọ̀. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú 1998 ló ṣe èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀.

Ní June 1998 ni Ààrẹ Clinton buwọ́ lu òfin tó ní kí NHTSA wá nǹkan ṣe sí i. May 2000 ni àjọ náà gbé ìlànà rẹ̀ jáde: bí ọmọdé bá wà níwájú, kí éàbáàgì má tú rárá, tàbí kó tú wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n mú un ní díẹ̀díẹ̀ láti September 2003 títí tó fi kárí ní September 2006.  

Kí éàbáàgì má baà tú, àga gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó gbé dání. Oníkálukú sì gba ọ̀nà tirẹ̀. Honda lo ọgbọ́n NEC, ó fi eriali sínú ẹ̀yìn àga fún éàbáàgì ẹ̀gbẹ́. Ìdí nìyẹn tí àga tí omi rin fi lè tàn án jẹ. General Motors fi àpò olómi sábẹ́ tìmùtìmù. BMW tẹ́ ẹní tín-ín-rín kan síbẹ̀. Toyota ní tirẹ̀ fi ìwọ̀n mẹ́rin sí ẹsẹ̀ àga, ọ̀kan ní igun kọ̀ọ̀kan, wáyà mẹ́ta-mẹ́ta sì ń bọ̀ láti ara wọn: ọ̀kan ń gbé iná wá, ọ̀kan ń dá a padà, ọ̀kan ń jíṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà kékeré tó wà lábẹ́ àga. Ti Toyota ni mo máa dúró lé, torí òun ló pọ̀ lọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ ká sọ pé Camry kan dé ọ̀dọ̀ rewáyà nítòsí Landover Road. Iná éàbáàgì ń tàn, àgbàlagbà sì jókòó síwájú, síbẹ̀ dáṣíbọ́ọ̀dù ní OFF. Rewáyà tí kò mọṣẹ́ á ní kí ẹ lọ ra àga. Èyí tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀: kí ló dà sórí àga? Ta ló tú u gbẹ̀yìn? Kúlà wo lẹ tì sábẹ́ rẹ̀? Á ti àga sẹ́yìn, á tan tọ́ọ̀ṣì, á kó owó wẹ́wẹ́ àti igi súyà kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni yóò gbé ẹ̀rọ tó ń ka àṣìṣe jáde, kì í ṣe pẹ́pẹ́fúúrú tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, torí ti ínjìnnì nìkan ni ọ̀pọ̀ irú ìyẹn ń kà. Bó bá rí B1650, ó ti mọ̀ pé ìdí àga ni wàhálà wà, ṣùgbọ́n kò tíì mọ ibi tó wà gan-an.

Á wo nọ́ńbà ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan lórí ẹ̀rọ náà, á sì máa fi ọwọ́ tẹ igun àga lọ́kọ̀ọ̀kan. Igun tí nọ́ńbà rẹ̀ kò mira ni afurasí. Afurasí ni mo wí o, torí wáyà tó já lè mú kí ìwọ̀n tó yè dà bí òkú. Kó tó yọ ohunkóhun, á pa ọkọ̀, á tú ẹnu òdì bátìrì, á sì dúró fún ó kéré tán ìṣẹ́jú àáyá 90, torí éàbáàgì máa ń tọ́jú iná pamọ́. Á wá yẹ ìdí wáyà wò, bóyá ó ti dípẹtà tàbí irin àga ti gé e, á sì fi mítà wọ̀n ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí wáyà bá pé, a lè wá dá ìwọ̀n lẹ́bi. Mítà kò gbọ́dọ̀ kan wáyà éàbáàgì fúnra rẹ̀ láé.

Bó bá tún un tán, iṣẹ́ kù. Á jẹ́ kí àga mọ òdo láìsí ohunkóhun lórí rẹ̀, á sì gbé ẹrù kìlógíráàmù 30 lé e. Nọ́ńbà tó yọ gbọ́dọ̀ wà láàárín 27 àti 33. Àpò ìrẹsì 50 pọ́ùn kò tó o, kìlógíráàmù 22 àti díẹ̀ ni. Àwọn tó ń gbé àga fún ẹni tó ń rán awọ náà gbọ́dọ̀ ṣe èyí lẹ́yìn tí wọ́n bá dè é padà.

Ohun tí mo kórìíra nínú iṣẹ́ yìí ni wáyà ẹ̀tàn tí àwọn kan ń so mọ́ sẹ́ńsọ̀ àga kí iná éàbáàgì lè kú. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gba èbúté Baltimore dé Lagos, kí ẹni tó rà á gbé ọmọ síwájú láìmọ̀ pé àga náà kò mọ ọmọ yàtọ̀ sí bàbá mọ́. Ìwà ìkà ni.

Nígbà mìíràn, ẹ̀bi ẹni tó ṣe ọkọ̀ ni. Ní 2016, Nissan pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 3 padà lórí sẹ́ńsọ̀ àga. Ní December 2023, Toyota pe nǹkan bí mílíọ̀nù kan padà ní Amẹ́ríkà, Camry, RAV4 àti Highlander wà nínú wọn. Ní February 2024, Honda pe 750,114. Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó fún ẹnikẹ́ni lówó, ẹ ka àmì 17 (lẹ́tà àti nọ́ńbà) tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín, kẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́ sí ojú òpó NHTSA. Bí ọkọ̀ yín bá wà nínú àwọn tí wọ́n pè, ọ̀fẹ́ ni wọ́n máa tún un ṣe, bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ ẹnì kẹta tó rà á.