Ẹ jẹ́ ká mọ̀: Ẹnu ọ̀gá ilé-ìwé àti iṣẹ́ olùkọ́

Ní Warri, olùkọ́ tó jẹ́ Urhobo, Itsekiri àti Ijaw lè jọ wà nílé-ìwé kan náà, kí èdè Píjìn máa so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá tó ń gbọ́ tẹnu wọn á béèrè ohun tó mú olùkọ́ pẹ́ kó tó kọ ìwé ẹ̀sùn. Èyí tó ń bú wọn lójú akẹ́kọ̀ọ́ ńkọ́? Olùkọ́ tí wọ́n bú á wá lọ́la, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kúrò ní kíláàsì.

Àwọn kan ti fi hàn pé olùkọ́ ṣe pàtàkì: Urhobo Progress Union, ẹgbẹ́ àwọn Urhobo, ló dá Urhobo College sílẹ̀ ní Effurun, nítòsí Warri. M. G. Ejaife, tí wọ́n dáwó rán lọ sí yunifásítì, ni wọ́n fi ṣe ọ̀gá àkọ́kọ́. Lójú tèmi, wọ́n mọ̀ pé ènìyàn ṣáájú bíríkì nínú ilé-ìwé.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá, bí olùkọ́ bá ṣẹ̀, ẹ pè é sí ọ́fíìsì, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn.