Kí A Tó Gun Òkè Ìdànrè

Ọ̀gá àgbà ní kí àwa SS 2 kọ ètò ìrìn-àjò wa sórí ìwé kí wọ́n tó buwọ́ lù ú. Àwọn kan ń sọ pé ètò wo tún ni, ṣebí òkè lásán ni, ká ṣáà débẹ̀ ká gùn ún. Ohun tí a sọ nígbà tí a lọ sí Olúmọ náà nìyẹn. A pẹ́ kúrò nílé, oòrùn ti kanrí ká tó débẹ̀, aago mẹ́wàá alẹ́ la sì padà dé Ojúẹlẹ́gbá. Ẹ̀yin náà rántí bí ojú àwọn òbí wa ṣe rí lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta ò jìnnà. Ìdànrè ló jìnnà. A máa gba Ojóta dé Ṣágámù, ká kọjá Ìjẹ̀bú-Òde, ká yà sọ́wọ́ òsì ní Ọ̀rẹ̀, ká gba Oǹdó dé Àkúrẹ́. Láti Àkúrẹ́, ó ku nǹkan bí 20 kìlómítà. Ẹ fi wákàtí 6 sí i, bí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ò bá mú wa.

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò ó. Ká ní a kúrò ní aago 5 ìdájí, aago 11 la máa débẹ̀, nígbà tí àpáta ti ń gbóná bí agbada. Ká fi wákàtí 4 gùn ún, ká wòran, ká sọ̀ kalẹ̀: aago 3. Wákàtí 6 padà sílé: aago 9 alẹ́, lójú títì Ọ̀rẹ̀, nínú òkùnkùn. Àwọn tó ní ká lọ ká bọ̀ lọ́jọ́ kan náà torí owó, ibi tí ọ̀rọ̀ yín ń gbé wa lọ nìyẹn. Ká lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, ká sùn sí Àkúrẹ́, ká bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè ní aago 7 àárọ̀ Sátidé. Tí a bá kúrò níbẹ̀ ní aago 11, aago 5 la máa délé.

Àtẹ̀gùn ibẹ̀ lé ní 600. Mo ka ti ilé-ìwé wa láti ìsàlẹ̀ dé kíláàsì SS 3: 44 péré ni. Ó kéré tán, ìgbà 14 la máa gun ilé-ìwé wa léraléra!

Àmọ́ ó tó bẹ́ẹ̀. Òkè yẹn ni àwọn ará Ìdànrè ń gbé kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ wá tẹ ìlú tòní dó. Ààfin Ọwá àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹsẹ̀ Agbóògùn náà wà lára àpáta. Wọ́n ní kò sí ẹsẹ̀ tí kì í bá mu, àfi ti àjẹ́. (Èmi ni mo máa kọ́kọ́ ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́, kí ọkàn yín lè balẹ̀.)

Oṣù kìíní la fẹ́ lọ. Òjò ò ní sí, àpáta ò ní yọ̀. Ọyẹ́ ló máa wà, ọyẹ́ sì ní ẹ̀tàn: ó máa ń tètè gbẹ òógùn lára, èèyàn ò ní mọ̀ pé omi ń tán lára òun. Kí oníkálukú gbé pure water mẹ́rin, sínú báàgì ẹ̀yìn, kí ọwọ́ méjèèjì lè ṣófo. Ẹ mú súwẹ́tà fún àárọ̀. Kàńfáàsì ni kí ẹ wọ̀, ẹ má wọ sílípáàsì wá o.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kíláàsì wa jẹ́ SS. Ẹ̀jẹ̀ ni mò ń sọ o, mo sì ti gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ kí n tó kọ ọ́. Òùngbẹ, òtútù àti àṣejù lè dá ìrora egungun sílẹ̀ fún un. Ẹnìkan ti sọ pé kó jókòó sínú bọ́ọ̀sì. Èmi ò gbà. Ó ní òun fẹ́ gùn ún. Tí dókítà rẹ̀ bá gbà, ká jẹ́ kó máa gùn ún díẹ̀díẹ̀, kó máa sinmi, kí èèyàn méjì wà pẹ̀lú rẹ̀. Ibi tó bá ní ó tó òun, kí wọ́n bá a dúró síbẹ̀. Mo ti forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan. Ó ku ẹnìkan.

Ìwé ìyọ̀ǹda òbí wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Ẹni tó bá ní ásímà, kó kọ ọ́ síbẹ̀, torí eruku ọyẹ́. Ẹ dá a padà kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.